Owó Oṣù Ìkẹjà, Ilé Agége

Ìkẹjà ni kọ́ńpìnnì wà, Agége ni òṣìṣẹ́ ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjì rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá sí apá òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Àárín wọn kò jìn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rìn á fẹsẹ̀ gbá a láti Agége dé ẹnu géètì kọ́ńpìnnì kí aago méje àárọ̀ tó lù, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí oṣù bá ń parí lọ tí owó ọkọ̀ kò sí mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti Ìkẹjà wọ Agége á mọ̀ pé òun ti bọ́ sí ibòmíràn. Ìkẹjà ni ilé ìjọba ìpínlẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú àti GRA, àdúgbò àwọn olówó, wà. Agége ni ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, ọjà tó kún dé etí ojú irin, àti mọ́ṣáláṣí òun ṣọ́ọ̀ṣì tó fara kan ara wọn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 313,196 sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà, ó ka 459,939 sí ti Agége, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Agége kò tó ìdajì ti Ìkẹjà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò tilẹ̀ gba iye náà wọlé. Ó ní wọ́n dín èèyàn òun kù, ó sì gbé iye tirẹ̀ jáde tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àwọn tó sọ ìlú méjèèjì di ohun tí wọ́n dà ni àwọn tó filé sílẹ̀ wá síbẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹni tó bá wá sí Èkó á kọ́kọ́ ríṣẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá ilé. Ní Agége, òdìkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ilé tí èèyàn bá dé sí ló sábà máa ń pinnu iṣẹ́ tó máa rí, owó iṣẹ́ náà ló sì ń kọ́ ilé tí àlejò mìíràn máa dé sí lọ́la.

Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àlejò ti ń wá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies, gbajúmọ̀ oníṣòwò Èkó tí gbèsè ti dà láàmú, gbin kòkó sí oko kan nítòsí Agége. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbin kòkó ṣòwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tó wà lára àwọn aṣáájú tó ya kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1901 láti dá African Church sílẹ̀. Coker ní oko ńlá sí Ìfàkọ̀, òun àti àwọn olóko bíi tirẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Èèyàn méjì mẹ́ta kò lè ro irú oko bẹ́ẹ̀. Lébìrà ń wá láti àwọn ìlú òkè, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kòkó, àwọn kan tún ń gba ìsìn lẹ́nu olóko. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n ń kó èso kòkó dání. Bí kòkó ṣe wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn: kì í ṣe ọ̀gá àgbẹ̀ ìjọba ló gbé e lọ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó lọ ṣe lébìrà ní Agége ni.

Ojú irin ló sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà gbogbo ayé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò ní 1912. Obì gbànja, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó o wá láti Gold Coast tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa ní oko Agége àti Ẹ̀gbá. Ọjà rẹ̀ wà ní Òkè-Ọya. Bí àwọn Háúsá tó ń ṣòwò obì ṣe wá tẹ̀dó sí Agége nìyẹn. Wọn kò kàn wá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dé sọ́dọ̀ máígídá, ẹni tó ń fún wọn ní yàrá, tó ń bá wọn ná obì lọ́wọ́ olóko, tó ń dúró fún wọn tí ọ̀rọ̀ gbèsè bá wọ òwò náà. Ilé kan náà ni wọ́n ń sùn, ilé kan náà ni wọ́n ti ń ṣòwò. Nígbà tí obì ti kúrò lójú ọpọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò lọ, èdè Yorùbá sì ti yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Màlúù ló gba ipò obì. Ní ilé ìpẹran Oko-Ọba, ará Òkè-Ọya ló sábà máa ń kó ẹran wá tí wọ́n sì ń dá iye lé e, alápatà Yorùbá ló ń pa á, obìnrin ló ń ra ṣàkì àti pọ̀nmọ́ lọ sọ́jà. Kò sí ìwé òfin tó pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe wọ òwò náà ni ẹni kejì, tí í ṣe ará ilé rẹ̀, ṣe tẹ̀ lé e wọ̀ ọ́.

Kọ́ńpìnnì ní tiẹ̀ dé nítorí ọ̀rọ̀ ààlà. Ní 1954, wọ́n yọ Èkó sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Nàìjíríà, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Ìkẹjà àti Agége ṣẹ́kù sábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí láti Ìbàdàn. Ìjọba Ẹkùn náà fẹ́ ilé iṣẹ́, àwọn òyìnbó tó ní owó sì fẹ́ ibi tó sún mọ́ èbúté. Ìkẹjà gan-an ló bá ọ̀ràn náà mu: ó ní ojú irin, ó ní pápákọ̀ òfuurufú, ó kù díẹ̀ kó wọ Èkó, ṣùgbọ́n lábẹ́ Ìbàdàn ló wà. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n fa iná àti omi, wọ́n wá ń pe kọ́ńpìnnì wọlé. Òpópónà tó la àárín ibẹ̀ kọjá ń jẹ́ orúkọ C. D. Akran, ọba Àgbádárìgì tó tún jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ẹkùn náà. Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Dunlop ń ṣe táyà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960s, Nigerian Textile Mills ń hun aṣọ, Cadbury fìdí kalẹ̀ sí Agídíngbì ní 1965. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, gbogbo rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tuntun náà, Ìkẹjà sì di olú-ìlú rẹ̀ ní 1976.

Ìjọba kan náà tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ ló tún ń pèsè òṣìṣẹ́, bóyá ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ tó wọlé lọ́dún náà ń jáde bí wọ́n ṣe ń ṣí géètì Ìkẹjà. Ọmọ tó ti ka ìwé mẹ́fà kò fẹ́ gbé ọkọ́ mọ́, bàbá rẹ̀ náà kò sì rán an ní ilé-ìwé kó lè padà wá gbé e. Láti Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì, wọ́n gba Èkó lọ. Àwọn ẹlòmíràn bá ọ̀nà mìíràn dé. Ní Oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti dàgbà sí ọjà Kùmásí àti Àkẹ̀rá sì padà dé láì ní ibi kan pàtó tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, àwọn Ígbò tó ti sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá.

Ẹni tó bá dé kò ní ju orúkọ ẹnì kan lọ lọ́wọ́: ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá, tàbí ará abúlé tó ti ṣáájú. Yàrá ẹni yẹn ni yóò tẹ́ ẹní sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí yóò máa ká a kúrò ní kùtùkùtù kí onílé tó jí. Oúnjẹ wà, owó ọkọ̀ díẹ̀ wà, ọgbọ́n ìlú sì wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀, á lọ dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú àwọn yòókù, á máa wo ojú ẹni tó bá jáde wá mú èèyàn wọlé. Ṣùgbọ́n géètì nìkan kọ́ ló ń fún èèyàn níṣẹ́. Fọ́mánì tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akọ̀wé kọ́ńpìnnì tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Sunday, ọ̀nà wọ̀nyí ló yá jù. Ìyẹn ló fà á tí ẹ̀ka kan nínú kọ́ńpìnnì fi lè kún fún ọmọ ìlú kan ṣoṣo. Kọ́ńpìnnì kò kórìíra rẹ̀, torí ẹni tó mú ọmọ wá ló máa ń bá a wí bí kò bá ṣe dáadáa. Ẹni tí kò lẹ́nìkan ló ń jìyà rẹ̀. Ó lè dúró sẹ́nu géètì fún oṣù púpọ̀, kó gbọ́n ju àwọn tó ń wọlé lọ, kó má sì wọlé.

Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń fẹ́ yàrá, Agége sì ní ilẹ̀. Ẹbí Àwórì ń ta oko díẹ̀díẹ̀, púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹjọ́ ọmọ onílẹ̀ á sì wọ kóòtù fún ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ń rà á kì í sábà jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì. Oníṣòwò ni wọ́n, onímọ́tò, kọńtirákítọ̀ kékeré, ìyá alágbo tàbí aláṣọ tó ti jèrè. Ilé tí wọ́n ń kọ́ bára mu: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin, yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ilé ìdáná àti ṣáláńgá lẹ́yìn, kànga nínú àgbàlá, ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú. Wọn kì í retí kí ilé parí kí wọ́n tó gba ayálégbé. Owó yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ra páànù yàrá tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àdúgbò Agége kò fi ní ọ̀nà tó gún régé tàbí gọ́tà: ilé kíkọ́ ń sáré, ìjọba kò bá a. Àwọn onílé fúnra wọn ló ń dá owó fi ra òpó iná, tí wọ́n ń gba ọdẹ, tí wọ́n ń fi géètì sí ẹnu òpópónà. Nínú ìpàdé àwọn onílé yìí ni Yorùbá, Ígbò, Ẹdó àti Háúsá ti ń jọ jókòó, ìjà wọn níbẹ̀ kì í sì í sábà kọjá ti owó ìdọ̀tí.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì. Òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Ìkẹjà GRA, Àpápá, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Agége wà lábẹ́ òfin. Ẹni tó bá ti wá yàrá níbẹ̀ mọ̀ pé ọdún méjì ṣì ni wọ́n sábà máa ń béèrè, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti ti ejẹ́ǹtì lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí owó oṣù bá jáde ni èèyàn máa ń rí bí ìlú méjèèjì ṣe jẹ́ ọ̀kan. Owó náà kì í sùn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ìyá olónjẹ tó ti ń bu ìrẹsì láwìn láti ọ̀sẹ̀ kejì ti ń dúró, ìwé kékeré tó kọ gbèsè sí wà lábẹ́ abọ́ rẹ̀. Alájọ ń bọ̀, onílé ń bọ̀, télọ̀ ń bọ̀, ìyá nílé ń retí ohun tí wọ́n máa fi rán onímọ́tò. Adrian Peace, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tó ṣèwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà tó ń gbé Agége nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1979, tẹnu mọ́ èyí gan-an. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan nígbà náà ń sọ pé òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì jẹ́ ọ̀tọ̀kùlú láàrin tálákà, pé ó ń jẹ ohun tó tọ́ sí àwọn yòókù. Ohun tí Peace rí yàtọ̀. Àwọn ìyá ọjà àti onílé Agége kà á sí pé bí owó oṣù bá lọ sókè, tiwọn náà lọ sókè.

Agbára owó oṣù yìí hàn ní Oṣù Kìíní 1971. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága rẹ̀ ti dábàá pé kí wọ́n fi owó kún owó òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́ngógó, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ńpìnnì kan ní ọ̀ràn náà kò kan àwọn torí pé àwọn ti fi owó kún un láti 1964. Ìjọba ológun ti fòfin de ìyanṣẹ́lódì nígbà náà. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà ṣe é, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ohun tí wọ́n béèrè. Peace tún kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò fẹ́ darúgbó sí kọ́ńpìnnì. Wọ́n ń tọ́jú owó láti ra máṣíìnì ìránṣọ, láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, láti di ọ̀gá ara wọn. Ohun ìgbà díẹ̀ ni owó oṣù lójú wọn.

Oúnjẹ àárọ̀ òṣìṣẹ́ náà kò ṣàì ní ìtàn. Búrẹ́dì Agége, èyí tó rọ̀ tó sì wúwo, kò jìnnà sí iṣẹ́ ọwọ́ Amos Shackleford, ará Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní reluwé ní 1913, tó padà di ọba búrẹ́dì ní Èkó. Ẹ̀wà Àgànyìn tí wọ́n ń jẹ ẹ́ mọ́, lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá ni Èkó ti mọ̀ ọ́n. Ata tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú ni wọ́n ń dà lé ẹ̀wà tó ti jinná fọ́. Ẹni tó bá rà á lẹ́nu géètì ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn kò jẹ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tó ti wá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń gbé èèyàn dé ọ̀sán.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn 1980. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ, àwọn ará Gánà sì kó ẹrù sínú báàgì tó ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Ní 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé, náírà já, kọ́ńpìnnì tó ń ra ẹ̀rọ àti ohun èlò láti òkè òkun kò lè rà á mọ́. Iná kò dúró, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè. Aṣọ láti òkè òkun kún ọjà, ilé ìhunṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní 2008. Àwọn mìíràn kó lọ sí Ọ̀tà àti Agbára ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀. Lójú Ọba Akran, ọ̀pọ̀ ilé tó jẹ́ ti ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ibi ìkẹ́rùsí tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ.

Iṣẹ́ tó kù ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Kọ́ńpìnnì kì í sábà gba èèyàn fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ń gbé e fún ejẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì ń kó kọ́ńtíráàtì sítàfù wá, ó ń yọ tiẹ̀ lórí owó wọn. Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àwọn kan ti rí ọ̀nà àbùjá: kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n á ní kó máa lọ, wọ́n á tún pè é padà. Òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ìyá olónjẹ kì í sì fẹ́ tà láwìn fún un, torí kò mọ̀ bóyá ó máa wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Àwọn àlejò kò torí ìyẹn dáwọ́ wíwá dúró. Òpópónà Otigba ní Ìkẹjà, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé lásán tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í di ọjà kọ̀ǹpútà ní àwọn ọdún 1990s. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní 2001, ó di Computer Village pátápátá. Ọmọ iṣẹ́ ló kún ibẹ̀, Ígbò àti Yorùbá, tí wọ́n sọ fún ọ̀gá pé àwọn á fi ọdún mélòó kan kọ́ títún fóònù ṣe. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọlé kò yàtọ̀ sí ti kọ́ńpìnnì ìgbà yẹn: ẹnì kan láti ilé ló mú wọn wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀gá ọjọ́ òní fúnra rẹ̀ ti ṣe ọmọ iṣẹ́ rí, tí kò sì sí géètì. Ọmọ iṣẹ́ tó ń tú bátìrì fóònù lábẹ́ agboòrùn lè ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́dún márùn-ún. Ó sì lè má ní.

Àwọn ọ̀dọ́ láti Òkè-Ọya, ọ̀pọ̀ wọn tí ìjà àti ọ̀gbẹlẹ̀ lé kúrò nílé, gun ọ̀kadà. Ní 1 Oṣù Kẹfà 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà wà nínú rẹ̀, Agége kò sí níbẹ̀. Ààlà tí Awólọ́wọ̀ lò láti fi fa kọ́ńpìnnì wá ti kúrò lórí àwòrán ilẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ààlà mìíràn ti wà láàrin ibi tí wọ́n gbà kí tálákà ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọn kò gbà.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní Red Line, tí Ààrẹ Tinúbú ṣí ní 29 Oṣù Kejì 2024, tí èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà, ń gba ojú ọ̀nà 1896 kọjá láti Agbádo dé Oyíngbò, ó ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà. Agbádo ni ọ̀pọ̀ àwọn tí owó ilé Agége ti lé jáde wà báyìí, àti Ìjọ̀kọ̀, Sàngó, Alágbàdo, níbi tí onílé ṣì ń kọ́ yàrá lé yàrá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Agége láyé ọjọ́un. Ní àárọ̀, ọkọ̀ tó ń wọ Ìkẹjà kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n lákòókò kan náà, ní Ìyànà Ìpájà, bọ́ọ̀sì ń pe Ọ̀tà, àwọn ọmọ Agége tí kọ́ńpìnnì wọn ti kó lọ síbẹ̀ sì ń wọ̀ ọ́ lọ ní òdìkejì.